Ilé àtijọ́ ẹbí wa ní Pópó Àgùdà: bí ìjọba bá kà á sí ohun ìrántí, ǹjẹ́ yóò kúrò lọ́wọ́ wa?

Ọmọ Pópó Àgùdà béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń da ẹbí wa láàmú, mo sì fẹ́ gbé e síwájú yín, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tí wọ́n mọ ìtàn Èkó, àwọn tí wọ́n mọ òfin àti àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni wọ́n ń pàdé níbí.

Ẹbí wa ní ilé kan ní Pópó Àgùdà, ní Erékùṣù Èkó. Baba ńlá wa, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Bùràsíìlì padà wá sílé, ni ó kọ́ ọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè jókòó sí ojú fèrèsé kí ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la àárín ilé kọjá láti ẹnu ọ̀nà iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé, àwọn yàrá sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Lókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan tí ó kọjú sí òpópónà, àwọn tí wọ́n rẹ́ ògiri náà ya òdòdó àti ewé sí i, ó yọ jáde lára ògiri, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà tí a ti ń kùn lé e lórí láti ìrandíran ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òrùlé ń jò báyìí, pákó àjà òkè ti jẹrà ní igun kan, àwọn tí ń gbé inú yàrá igun náà sì ti kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀.

Àwọn dẹfẹ́lọ́pà ti wá bá wa. Wọ́n fẹ́ wó ilé náà, kí wọ́n kọ́ ilé alájà púpọ̀ tí ìsọ̀ yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n máa gba owó tí ó bá ń wọlé lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó dá a padà fún ẹbí. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń gbà fún wọn. Àwa kan kò gbà. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a lọ bẹ ìjọba kí wọ́n kéde ilé náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi ọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan sọ pé bí a bá dán irú rẹ̀ wò, ìjọba yóò gba ilé náà mọ́ wa lọ́wọ́, a kò sì ní lè kan ìṣó kan mọ́ ògiri láìjẹ́ pé a kọ̀wé gba àṣẹ. Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí bàbá sọ? Kí ni ìkéde yìí ń ṣe fún ilé gan-an? Àti pé, ilé tí ó ti rí bí mo ṣe ṣàlàyé yìí, ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?

Òǹkàwé Ìtàn Èkó dáhùn pé:

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹbí yín kú ìfaradà. Kí àwọn agbẹjọ́rò tó dá sí i, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilé kan tí kò jìnnà sí yín, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé náà dáhùn ju ìdajì ìbéèrè yín lọ.

Ní ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ilé kan sí Ojúde Tinúubú, ilé tí ojú iwájú rẹ̀ kún fún àwọn ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùmàrè, tí àwọn tí wọ́n mọ èdè Potogí ń pè ní Casa do Fernandez. Ìdílé Ọláìyá rà á ní ọdún 1933, gbogbo Èkó sì wá mọ̀ ọ́n sí Ilojo Bar. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tíì fagi lé ìkéde náà.

Ẹ wo ohun méjì nínú ìtàn yìí. Èkínní ni pé fún ọgọ́ta ọdún tí ilé náà fi jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ìdílé Ọláìyá ni ó ṣì ni ín. Ìjọba kò gbà á lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ẹ̀rù tí ń ba bàbá yín kò rí bẹ́ẹ̀. Èkejì ni èyí tí ó ń dùn mí jù: láàárín ọgọ́ta ọdún náà, ìkéde yẹn kò gun òrùlé lọ láti fi páànù kan rọ́pò òmíràn. Ilé náà ń gbó, ó ń ya, ìpàdé ń lọ, ètò àtúnṣe ń lọ lórí ìwé, àti ìjọba àti àwọn olólùfẹ́ ilé àtijọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, títí tí ó fi di ọjọ́ Àìkú tí katapílà dé. Àwọn tí wọ́n rò pé bí ìwé ìjọba bá ti jáde, iṣẹ́ ti parí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ dúró ní Ojúde Tinúubú kí wọ́n wo ibi tí ilé náà wà tẹ́lẹ̀.

Ohun mìíràn tí a kì í sábà sọ ni pé kì í ṣe àwọn dẹfẹ́lọ́pà nìkan ni wọ́n pa àwọn ilé Àgùdà, ìyẹn ilé àwọn tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wálé, run. Ilé ìjọsìn Holy Cross àkọ́kọ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé kọ́ fún àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ṣáájú òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí mọ́. Àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ èyí tí ó tóbi jù ú lọ, èyí tí ó dúró níbẹ̀ lónìí sì parí ní ọdún 1939. Bákan náà ni Mọ́ṣáláṣí Gbogboogbò Èkó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1913, tí ojú iwájú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bíríkìlà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà. Wọ́n wó o ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì kọ́ tuntun rọ́pò rẹ̀, nítorí pé àwọn olùjọsìn ti pọ̀ ju àyè lọ. Ìlọsíwájú ni ó wó méjèèjì, kì í ṣe ìkórìíra. Mo sọ èyí kí ẹ má baà wo àwọn ìbátan yín tí wọ́n fẹ́ ilé tuntun bí ọ̀tá. Ohun tí àwọn olùjọsìn fẹ́ nígbà náà ni wọ́n ń fẹ́ báyìí: àyè, àti ohun tí ojú wọn rí i pé ó dára.

Èyí tí ó ṣì dúró ńkọ́? Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins. João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà ọmọ Àgùdà, ni ó ya àwòrán rẹ̀, Mohammed Shitta tí ó jẹ́ ọmọ Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti Sierra Leone padà wálé, àti oníṣòwò ńlá sì fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1894, níwájú gómìnà Èkó. Sọ́táànì ilẹ̀ Tọ́kì rán Abdullah Quilliam, aṣáájú àwọn Mùsùlùmí ní Liverpool, wá síbi ayẹyẹ náà, oyè Bey tí Sọ́táànì fi ta Shitta lọ́rẹ ni ó sì so mọ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni àwọn Àgùdà púpọ̀, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ẹnikẹ́ni kò sì rí i bí ohun àjèjì ní Èkó. Ọdún 2013 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, tí a ń pè ní NCMM, kéde mọ́ṣáláṣí yìí. Ìyẹn ni pé ó ti dúró fún ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ìkéde tó dé bá a. Àwọn tí wọ́n ń kírun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ibi tí ó ń jò, wọ́n sì ń dí i.

Agbẹjọ́rò Ẹbí dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin Òǹkàwé Ìtàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin ní ṣókí, kí n sì sọ ti ẹbí ní kíkún, nítorí níbi tí ẹbí wà ni ewu wà.

Láti ọdún 1953 ni a ti ní òfin lórí ohun àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, òun ni wọ́n sì lò fún Ilojo Bar. Ọdún 1979 ni wọ́n ṣe èyí tí ó dá àjọ NCMM sílẹ̀. Bí àjọ náà bá rò pé ilé kan yẹ ní títọ́jú, wọn yóò kéde èrò wọn nínú Gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, wọn yóò sì jẹ́ kí onílé gbọ́, kí ó lè sọ bí ó bá ní àtakò kí ìkéde tó fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá fìdí múlẹ̀, ohun ìní onílé ni ó ṣì jẹ́, ó lè gbé inú rẹ̀, ó lè fi háyà, ó sì lè pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe láìgba àṣẹ àjọ ni kí ó wó o, kí ó yí ìrísí rẹ̀ padà tàbí kí ó ba iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, apá kan ọ̀rọ̀ bàbá yín jẹ́ òótọ́: àṣẹ yóò wà fún àwọn nǹkan kan. Ìṣó kan kọ́ o. Òfin náà tún fàyè sílẹ̀ fún àdéhùn láàárín àjọ àti onílé lórí ìtọ́jú, àwọn onílé tí wọ́n béèrè fún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ náà lórí àwọn ilé àti ibi tí ó yẹ ní ìpamọ́, ẹ lè gba ọ̀dọ̀ wọn lọ bákan náà.

Ìwé wọ̀nyí kì í yá. Kí wọ́n tó dé, àwọn tí wọ́n ti gbà fún dẹfẹ́lọ́pà lè ti gba owó àsansílẹ̀. Ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ lo ọgbọ́n sí. Bí baba ńlá yín kò bá pín ilé náà nínú ìwé ìhágún, ilé ẹbí ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Nínú òfin àṣà wa tí àwọn ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilé ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí nínú rẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ìfọwọ́sí àwọn àgbààgbà ẹbí láti ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ bá tètè lọ. Mo ní kí wọ́n tètè lọ. Ẹni tí ó dákẹ́ títí tí ilé tuntun fi gòkè, adájọ́ lè sọ fún un pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà.

Ẹ pe ìpàdé ẹbí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìdí ìyá ní aṣojú, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ̀wé sí dẹfẹ́lọ́pà náà pé kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti bá a dá májẹ̀mú ní orúkọ ẹbí, kí ó sì fi ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ wádìí lè rí i. Èyí ni yóò ra àkókò fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọmọ ẹbí kan pẹ̀lú lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí ó sọ pé ìṣọ̀kan kò sí mọ́, kí wọ́n pín ilé náà tàbí kí wọ́n tà á kí wọ́n pín owó rẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè gbà fún un. Nítorí náà, ìjà kọ́ ni yóò gba ilé yín là. Bí ẹ kò bá ní ohun kan lọ́wọ́ tí ẹ lè fi tẹ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ owó lọ́rùn, ọ̀rọ̀ náà yóò padà wá.

Ìyá Olówógbowó dáhùn pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo kà. Ní Olówógbowó, lọ́dọ̀ àwọn Sàró, ni wọ́n bí mi sí, ilé àtijọ́ sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nítorí àwọn tí wọ́n ń gbé inú ilé náà, nítorí mo rí i pé ẹni tí òjò kì í pa lóru ni ọ̀rọ̀ ìtàn máa ń rọrùn fún.

Obìnrin kan tí ó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó ń to abọ́ àti ìkòkò sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, tí ó sì ń gbọ́ bí pákó òkè ṣe ń ké nígbà tí ẹnì kan bá rìn, kí ni ẹ fẹ́ kí ó fi òdòdó orí fèrèsé ṣe? Nígbà tí ilé kan wó ní Ìta Fájì ní oṣù Kẹta ọdún 2019, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú rẹ̀, gbogbo wa ni a sunkún. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ilé yín lọ́la pé ó ti di ewu, kò sí Gásẹ́ẹ̀tì tí yóò bá yín dáhùn.

Èmi kò sọ pé kí ẹ wó o. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìkejà àti Lẹ́kkí, àti àwọn tí ń bẹ lókè òkun, bá fẹ́ kí ilé náà dúró, owó àpò yín ni kí ó kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Àwọn tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ìjọba náà, bí ó bá sọ fún onílé pé ilé rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè bá a san díẹ̀ nínú owó òrùlé. Títí tí ìyẹn yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ẹrù ni ìkéde ń dì lé onílé nìkan lórí, ẹ kò sì lè bá bàbá yín wí pé ó ń sá fún un.

Ọmọ Bíríkìlà dáhùn pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Ìyá. Òtítọ́ ni ẹ sọ. Níti ilé Ìta Fájì, ilé bíríkì onísìmẹ́ǹtì ni, kì í ṣe ilé Àgùdà. Kí a má fi ti ọ̀kan dá èkejì lẹ́bi.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo jogún, mo sì ti fi ọwọ́ kan àwọn ògiri àtijọ́ wọ̀nyí, torí náà ìbéèrè kẹta ni mo fẹ́ dáhùn. Ọ̀pọ̀ ilé yìí, amọ̀ ni ògiri wọn, tàbí bíríkì alámọ̀, wọ́n sì fi láìmù rẹ́ ẹ, ìyẹn ẹfun funfun tí wọ́n ń jó láti ara òkúta tàbí ìkarahun. Èkó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, omi kò jìnnà nínú ilẹ̀, ògiri sì máa ń fa omi yìí sókè láti ìpìlẹ̀. Láìmù máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin náà gba ara rẹ̀ jáde lọ sínú afẹ́fẹ́. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ́ ilé náà mọ èyí. Àwa tí a dé lẹ́yìn wọn ni a mú sìmẹ́ǹtì, tí a fi bo láìmù náà, nítorí pé ó le, ó sì dán. Sìmẹ́ǹtì kò jẹ́ kí omi jáde. Omi náà á dúró sínú, á máa rin amọ̀, iyọ̀ tí ó bá a wá láti inú ilẹ̀ á sì máa gán mọ́ ẹ̀yìn ìrẹ́lé títí tí yóò fi ti í kúrò lára ògiri.

Ẹ lọ wo ilé yín lọ́sàn-án. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan ògiri ìsàlẹ̀ kọ́ńkọ́ńkọ́ láti ilẹ̀ títí dé èjìká. Ibi tí ó bá ń dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, sìmẹ́ǹtì ti ya kúrò lára amọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tí ó ń ré sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ fi díẹ̀ tọ́ ẹnu wò, iyọ̀ ni. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ilé ti kú. Ó túmọ̀ sí pé kí ẹ ṣí sìmẹ́ǹtì náà kúrò pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ jẹ́ kí ògiri mí, kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi láìmù rẹ́ ẹ padà. Ohun tí ó ń jẹ́ kí n bẹ̀rù ni bí ògiri bá ti yọ ikùn síta, tàbí bí ó bá là láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí ẹnu lílà náà sì ń fẹ̀ sí i. Níbẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì kó ènìyàn jáde.

Ṣùgbọ́n òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ilé amọ̀ tí orí rẹ̀ bò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, yóò wà pẹ́. Ilé amọ̀ tí òjò ń wọ̀ láti òkè kò nílò katapílà. Àwọn páànù tí ó ti jẹ ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ wo àwọn igi tí ó gbé òrùlé ró bóyá ikán ti wọ̀ wọ́n, kí ẹ sì ṣe ojú omi tí yóò kó omi òjò jìnnà sí ìdí ògiri. Pákó àjà òkè tí ó jẹrà, igun yẹn nìkan ni kí káfíńtà gé, kí ó fi ìrókò tí ó gbẹ rọ́pò rẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi tú gbogbo àjà ká.

Níti òdòdó orí fèrèsé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ẹ rin ọ̀dà náà, kí ẹ máa bó o ní ìpele ní ìpele. Àwọn ìlà tí ó yí fèrèsé ká, bí apá kan bá ti já, a máa ń gé páànù ní ìrísí èyí tí ó kù, a ó kàn án mọ́ pákó, a ó sì máa fà á lórí láìmù tútù láti òpin kan dé èkejì, títí ìlà tuntun yóò fi bá ti àtijọ́ dọ́gba. Iṣẹ́ yìí kò tíì kú ní Èkó, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ni kò rí ẹni pè wọ́n.

Ọmọ Pópó Àgùdà tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Ìyá, ẹ sọ òtítọ́ tí ó kàn mí. Ìbátan wa kan tí ó ń gbé ìsàlẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ kí a wó o, n kò sì tíì jókòó tì í láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ tán. Ohun kan ni ó kù tí mo fẹ́ mọ̀: bí a bá tún ilé náà ṣe, ǹjẹ́ ó lè pa owó wọlé tí àwọn tí wọ́n ń retí owó dẹfẹ́lọ́pà yóò fi gbà?

Òǹkàwé Ìtàn Èkó dáhùn pé:

Kò lè pa iye tí ilé alájà púpọ̀ yóò pa, n kò ní tàn yín jẹ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú májẹ̀mú tí wọ́n gbé wá, ta ni yóò kó owó náà jẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ẹ bi àwọn ìbátan yín bóyá wọ́n ti ṣírò ọjọ́ orí wọn mọ́ iye ọdún tí dẹfẹ́lọ́pà yóò fi lo ilé náà.

Àwọn àpẹẹrẹ wà tí ẹ lè lọ fi ojú rí. Ní ọgbà Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlàpà kí ẹgbẹ́ Legacy, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ilé àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, tó tún un ṣe. Ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rélùwéè, àwọn ènìyàn sì ń lọ síbẹ̀ láti ya fọ́tò àti láti ṣe àpéjọ. Ní òpópónà Broad, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn òyìnbó kọ́, tí wọ́n fi Herbert Macaulay sí, ni ayàwòrán ilé Theo Lawson sọ di Freedom Park, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010. Eré orí ìtàgé, orin àti oúnjẹ ni ó wà níbi tí ẹ̀wọ̀n wà. Ní Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nárì parí ní ọdún 1845, tí a gbà pé òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ń gba àlejò títí di òní. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí àwọn àgbà rántí pé ilé Àgùdà ti ń pa owó láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn nípa Ilé Omi ní òpópónà Kakawa. João Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì ní kékeré tí ó sì padà wálé, ni ó kọ́ ọ, omi kànga inú ọgbà ilé náà ni ìdílé rẹ̀ ń tà fún ará Èkó nígbà tí omi mímu ṣọ̀wọ́n ní erékùṣù.

Ìsàlẹ̀ ilé yín tí ó kọjú sí òpópónà lè gba ìsọ̀ méjì láìwó ògiri kan, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Àgùdà ṣe ń lò ó: ọjà nísàlẹ̀, ibùgbé lókè. Yàrá àlejò lókè lè gba àpéjọ kékeré tàbí ẹ̀kọ́ ọwọ́. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ pẹ̀lú iye owó rẹ̀, kí ẹ gbé e síwájú ìpàdé ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé dẹfẹ́lọ́pà, kí wọ́n fi ojú ara wọn wé méjèèjì. Kí ìpàdé náà tó wáyé, ẹ ya fọ́tò gbogbo ilé, inú àti òde, ẹ wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ sì gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ lórí ẹni tí ó kọ́ ọ àti ẹni tí ó gbé yàrá wo. Àjọ náà yóò béèrè fún un bí ẹ bá kọ̀wé sí wọn, kò sì ní ṣòfò bí ẹ kò bá tilẹ̀ kọ ọ́.

Ọmọ Pópó Àgùdà tún kọ̀wé pé:

A ti dá ìpàdé ẹbí. Èmi àti àwọn àbúrò mi ti ń kó owó jọ fún òrùlé, tapólì ni a ó sì kọ́kọ́ ta sórí igun tí ó ń jò. Ọmọ Bíríkìlà, ẹ jọ̀wọ́, bí a bá rí láìmù rà, ṣé a lè pò ó lójú ẹsẹ̀ bí sìmẹ́ǹtì?

Ọmọ Bíríkìlà dáhùn pé:

Rárá o. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, inú omi ni ẹ ó dà á sí díẹ̀díẹ̀, yóò sì hó, yóò gbóná gidigidi, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú yín, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí omi bò ó mọ́lẹ̀ nínú kòtò tàbí garawa ńlá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe kúnná tó. Iyanrìn odò ni kí ẹ lò, ìwọ̀n mẹ́ta sí ìwọ̀n láìmù kan, kì í ṣe iyanrìn òkun, nítorí iyọ̀ tí ẹ ń lé jáde lára ògiri ni ẹ ó tún gbé padà sínú rẹ̀. Ẹ rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ díẹ̀ kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́ jù. Igun ẹ̀yìnkùlé tí kò hàn sí òpópónà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lè mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dé iwájú.